Ta Ló Kọ́kọ́ Fọwọ́ Kàn Án? Títọpa Àṣìṣe Nínú Prógíráàmù Tó Ń Ṣiṣẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà Olópọlọ Púpọ̀

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1986, ní ilé ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ kan ní ìlú Tyler, ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́bìnrin kan jókòó ti kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ ìtànṣán tí wọ́n ń pè ní Therac-25. Iṣẹ́ náà ti mọ́ ọn lára, kíá ni ìka rẹ̀ ń sáré lórí bọ́tìnnì. Ó tẹ lẹ́tà x, tó dúró fún X-ray, níbi tó yẹ kó tẹ e, tó dúró fún electron. Ó rí i lójú ẹsẹ̀, ó padà sókè, ó tún un ṣe, ó sì ní kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ dúró. "Malfunction 54" ló yọ lójú rẹ̀, ìwé atọ́nà kò sì ṣàlàyé ohun tí ìyẹn jẹ́. Nítorí pé irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun fún un, ó tẹ bọ́tìnnì tó ní kí ẹ̀rọ máa bá iṣẹ́ lọ. Nínú yàrá kejì, ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ náà ti gba ìtànṣán tó tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ohun tí dókítà kọ fún un. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ó kú.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ AECL ti Kánádà, tó ṣe Therac-25, wá yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fi odidi ọjọ́ kan dán an wò, Malfunction 54 kò yọjú. Wọ́n ní bóyá iná mọ̀nàmọ́ná ló gbé aláìsàn náà. Wọ́n yẹ wáyà wò, wọn kò rí ohun tó ṣe é. Ẹ̀rọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, òṣìṣẹ́ kan náà tún ṣe irú àtúnṣe kan náà, Malfunction 54 tún yọ. Aláìsàn kejì kò lo oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tó fi kú.

Fritz Hager, onímọ̀ físíìsì ilé ìwòsàn náà, ló wá dá ẹ̀rọ dúró tó sì pe òṣìṣẹ́bìnrin náà jókòó. Ó ní kó rántí gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe lẹ́sẹẹsẹ, èwo ló ṣáájú, èwo ló tẹ̀lé e. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n tún un tẹ̀, títí Malfunction 54 fi jáde ní ìgbà tí wọ́n bá fẹ́. Ìyára ìka ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Nígbà tí Hager pe AECL, àwọn yẹn náà gbìyànjú, kò jáde, àfi ìgbà tó sọ fún wọn pé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́ra jù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ nìyí. Iṣẹ́ bíi mélòó kan ló ń lọ pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà PDP-11 kan ṣoṣo. Ọ̀kan ń gba ohun tí òṣìṣẹ́ ń tẹ̀. Òmíràn ń to àwọn irin òòfà tó ń darí ìtànṣán, títò yẹn sì ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 8. Àwọn méjèèjì ń ka ibì kan náà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń kọ nǹkan síbẹ̀, láìsí ìlànà tó múná tó ní kí ọ̀kan dúró de èkejì. Bí òṣìṣẹ́ bá yí x padà sí e kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ yẹn tó pé, apá kan ẹ̀rọ á gbọ́, apá kejì kò ní gbọ́. Ojú kọ̀ǹpútà á fi hàn pé electron ni, ṣùgbọ́n agbára tí ẹ̀rọ á tú jáde á jẹ́ ti X-ray, láìsí irin tó yẹ kó dín in kù kó tó dé ara èèyàn.

Kókó tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ wà nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyẹn àti Hager. Àwọn ń wá ohun tó bàjẹ́. Hager ń wá ohun tó ṣáájú. Nínú prógíráàmù tí iṣẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń lọ pọ̀, ẹni tó bá ń ka kóòdù ní ìlà kọ̀ọ̀kan láti rí èyí tó burú lè kà á tán láìrí nǹkan kan. Ìlà kìíní dára, ìlà kejì dára. Bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn ló ń pa èèyàn.

Ìjàm̀bá mẹ́fà ló wà lákọsílẹ̀ pé Therac-25 fà láàárín ọdún 1985 sí 1987, ó kéré tán èèyàn mẹ́ta ló sì bá a lọ. Ohun tó dun èèyàn jù ni pé ẹ̀rọ tó ṣáájú rẹ̀, Therac-20, ní irú àṣìṣe kan náà nínú. Ní Yunifásítì Chicago, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń fi Therac-20 kọ́ṣẹ́ tí wọ́n sì ń tẹ bọ́tìnnì bó ṣe wù wọ́n, fíúsì á kàn jó. Kò sẹ́ni tó fara pa, nítorí pé Therac-20 ní àwọn irin àti fíúsì tó ń dí ìtànṣán lọ́nà bí nǹkan kò bá bára mu. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Therac-25, wọ́n yọ àwọn irin wọ̀nyẹn kúrò, wọ́n fi sọ́fítíwíà rọ́pò wọn.

Ọpọlọ kan péré, ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní core, ni PDP-11 ní. Àwọn iṣẹ́ inú rẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn ni, ọ̀kan á ṣe díẹ̀, á fi sílẹ̀ fún èkejì. Ti òde òní le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá fẹ́ kí prógíráàmù rẹ̀ yára kò ní láti ṣe ju kó dúró de kọ̀ǹpútà tuntun lọ, nítorí pé ọdọọdún ni chip ń yára sí i. Ṣùgbọ́n ooru dé. Bí chip ṣe ń sún mọ́ 4 GHz, iná tó ń jẹ àti ooru tó ń mú jáde kò ṣeé fara dà mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2004, Intel pa iṣẹ́ lórí chip kan tí wọ́n ń pè ní Tejas tì. Nígbà tó fi máa di ọdún 2005, Intel àti AMD ti ń ta chip olópọlọ méjì fún kọ̀ǹpútà inú ilé. IBM ti ṣáájú wọn pẹ̀lú POWER4 lọ́dún 2001. Herb Sutter, onímọ̀ prógíráàmù, kọ àpilẹ̀kọ kan lọ́dún 2005 tó fi kìlọ̀ fún àwọn tó ń kọ prógíráàmù pé àsìkò ọ̀fẹ́ ti parí: ẹni tó bá fẹ́ ìyára yóò ní láti pín iṣẹ́ rẹ̀ fún ọpọlọ púpọ̀.

Kó tó dìgbà yẹn, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn díẹ̀ nínú ilé ìwádìí ńlá. Philip Emeagwali, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Akúrẹ́ lọ́dún 1954, gba ẹ̀bùn Gordon Bell ti ọdún 1989 fún ìṣirò epo rọ̀bì tó ṣe lórí Connection Machine, kọ̀ǹpútà tí ọpọlọ kéékèèké inú rẹ̀ jẹ́ 65,536. Lónìí, fóònù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà lè ní ọpọlọ mẹ́jọ. Ìṣòro tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ń bá wọ̀yá ìjà tẹ́lẹ̀ ti di ti ọ̀dọ́ tó ń kọ áàpù nínú yàrá rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì mọ̀ pé ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Fọ́nrán ni orúkọ tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò máa fi pe ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní thread, ìyẹn iṣẹ́ kan tó ń lọ lẹ́sẹẹsẹ nínú prógíráàmù nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ń lọ. Ká ní prógíráàmù kan ń tọ́jú owó, ₦50,000 sì wà nínú àkáǹtì ìyá aláṣọ kan. Ọmọ rẹ̀ ní London fi ₦20,000 ránṣẹ́. Lásìkò kan náà gan-an, oníbàárà kan san ₦5,000. Fọ́nrán méjì gba iṣẹ́ méjèèjì. Nínú kóòdù, ìlà kan ṣoṣo ni: fi owó tuntun kún owó tó wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni chip ń rí: ka owó tó wà, ṣe ìṣirò, kọ èsì padà. Fọ́nrán kìíní ka ₦50,000. Kó tó kọ èsì tirẹ̀, fọ́nrán kejì náà ti ka ₦50,000. Èkíní kọ ₦70,000. Èkejì kọ ₦55,000 lé e lórí. Owó tó wá láti London ti wọlẹ̀, kò sì sí ibì kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn bánkì fi ń lo dátábéèsì tó ń ti àkáǹtì pa fún ẹni kan ṣoṣo títí iṣẹ́ rẹ̀ á fi parí, ìdí sì nìyí tí ẹni tó ń kọ prógíráàmù fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rò pé ìlà kan túmọ̀ sí ìgbésẹ̀ kan.

Àṣìṣe eré-ìje ni wọ́n ń pè é, nítorí pé èsì dúró lórí fọ́nrán tó bá kọ́kọ́ débẹ̀. Ìkà tó wà nínú rẹ̀ ni pé àyè tó fi sílẹ̀ kéré púpọ̀. Wọ́n lè ṣe ìdánwò prógíráàmù lẹ́ẹ̀mẹwàá, lẹ́ẹ̀mílíọ̀nù, kó má yọjú.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2003. Ní ìlú Akron, ìpínlẹ̀ Ohio, ilé-iṣẹ́ iná FirstEnergy ń lo sọ́fítíwíà XA/21 tí General Electric ṣe láti máa ṣọ́ wáyà iná. Ní agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú 14 lọ́sàn-án, apá tó ń pariwo nígbà tí nǹkan bá ń bàjẹ́ dákẹ́. Fọ́nrán méjì ti kọ nǹkan sí ibì kan náà lásìkò kan náà. Apá tó ń ṣe ìkìlọ̀ ń yí po lójú kan láìdúró. Àwọn ìkìlọ̀ tuntun ń tò jọ sẹ́yìn rẹ̀ títí kọ̀ǹpútà àgbà fi ṣubú. Èyí tó dúró dè é gba iṣẹ́, ó gba òkìtì ìkìlọ̀ náà, òun náà ṣubú. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó síwájú àtẹ tó ń sọ fún wọn pé àlàáfíà wà. Níta, wáyà iná ń rọ̀ sílẹ̀ kan orí igi, wọ́n sì ń dáṣẹ́ dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó di agogo mẹ́rin ààbọ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù 50 èèyàn ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ ní Amẹ́ríkà àti ní Ontario ní Kánádà ti wà nínú òkùnkùn.

Kì í ṣe pé àṣìṣe yẹn nìkan ló pa iná. Ó pa etí àwọn tó lè gbà á là ni.

General Electric sọ pé sọ́fítíwíà náà ti ṣiṣẹ́ ju mílíọ̀nù mẹ́ta wákàtí lọ ní oríṣiríṣi ibi láìsí pé àṣìṣe náà yọjú rí. Ó gbà wọ́n ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí wọ́n tó rí i, nínú kóòdù tó tó mílíọ̀nù mẹ́rin ìlà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ló yẹ kí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí mú lọ: wọn kò sáré. Wọ́n fi ìdádúró sínú kóòdù níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, wọ́n ń da ìkìlọ̀ lé e lórí, wọ́n ń fa àyè tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan gùn títí eré-ìje náà fi ní ààyè láti ṣẹlẹ̀ níṣojú wọn. Bí Hager ti ṣe pẹ̀lú ìka òṣìṣẹ́, ìtẹ̀léra ni wọ́n ń wá.

Ó wá ku ìdẹkùn tó ti mú gbogbo ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí rí. Nígbà tí prógíráàmù bá ṣi iṣẹ́, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá síni lọ́kàn ni kí a ní kó máa tẹ ohun tó ń ṣe jáde: "mo dé ibí, iye rẹ̀ nìyí." Bí a bá ti fi ìlà yẹn sí i, àṣìṣe á pòórá. Bí a bá yọ ọ́, á padà. Kì í ṣe iwin. Títẹ nǹkan jáde ń gba àsìkò, fọ́nrán méjì kò sì lè tẹ nǹkan sójú ibì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á dúró de èkejì. Ìdúró yẹn ti tó láti pa eré-ìje rẹ́. Jim Gray, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Tandem nígbà náà, lo orúkọ Heisenbug fún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ kan lọ́dún 1985. Ara orúkọ Heisenberg, onímọ̀ físíìsì ọmọ Jámánì, ni wọ́n ti fà á yọ. Ohun tí èyí kọ́ni ni pé kí àkọsílẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ti ṣe sínú prógíráàmù látìbẹ̀rẹ̀, kó fúyẹ́, kí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀ nínú ìrántí, kí wọ́n sì tò ó pọ̀ lẹ́yìn ìjàm̀bá. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un lọ́jọ́ ìjàm̀bá á ti yí ohun tó ń wò padà.

Àwọn tó fi Mars Pathfinder ránṣẹ́ mọ èyí. Ọkọ̀ ìwádìí náà balẹ̀ sórí Mars ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1997. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara rẹ̀, ó ń tan ara rẹ̀ padà, ó ń sọ dátà nù. Fọ́nrán mẹ́ta ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Èyí tí ipò rẹ̀ kéré jù, tó ń kó ìròyìn ojú ọjọ́ jọ, á ti àgádágodo kan pa, ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lock, kó lè lo ohun àjọlò. Èyí tí ipò rẹ̀ ga jù á dé, á ní kí wọ́n ṣí i, á dúró. Èyí tó wà láàárín, tí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú àgádágodo náà, á wá gba ọpọlọ lọ́wọ́ kékeré nítorí pé ó jù ú lọ. Kékeré kò lè parí, àgbà kò lè wọlé. Aago ìṣọ́ inú kọ̀ǹpútà á rí i pé àgbà kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lásìkò, á pa gbogbo rẹ̀, á tún un bẹ̀rẹ̀.

Ní ilé ìwádìí JPL ní California, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbé ẹ̀dà ọkọ̀ náà kalẹ̀, wọ́n tan àkọsílẹ̀ ìtẹ̀léra tó wà nínú rẹ̀, wọ́n ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí àṣìṣe náà fi ṣẹlẹ̀. Àkọsílẹ̀ fi han wọn lójú ẹsẹ̀. Ìwòsàn rẹ̀ kéré: ìlànà kan wà nínú VxWorks, sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, tó ní kí ẹni tó di àgádágodo mú gba ipò ẹni tó ga jù tó ń dúró dè é. Wọ́n ti pa ìlànà náà. Wọ́n tàn án láti Ayé lọ sí Mars. Ohun tó yẹ kí èèyàn ronú lé ni pé nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti ń ṣọ́ gbogbo gíráàmù ìwúwo àti gbogbo àyè ìrántí, Glenn Reeves, olórí àwọn tó kọ sọ́fítíwíà rẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi irinṣẹ́ ìtọpa sílẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tó gbéra. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń yọ irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò kí prógíráàmù tó jáde sọ́jà, wọ́n ní kó lè yára. Wọ́n ń fi ojú ara wọn ra ìyára.

Àgádágodo tí wọ́n fi ń dènà eré-ìje ní àìsàn tirẹ̀. Fọ́nrán kìíní ti A pa, ó ń dúró de B. Fọ́nrán kejì ti B pa, ó ń dúró de A. Àwọn méjèèjì dà bí ọkọ̀ méjì tó pàdé lórí afárá tóóró tí kò sẹ́ni tó fẹ́ padà sẹ́yìn. Deadlock ni wọ́n ń pè é. Òótọ́ ni pé ó ń dá iṣẹ́ dúró pátápátá, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àìsàn ìdílé yìí, òun ló rọrùn jù láti mọ̀, nítorí pé òkú rẹ̀ kì í sá lọ. Prógíráàmù tó dákẹ́ ṣì wà níbẹ̀; irinṣẹ́ bíi gdb tàbí jstack á sọ ibi tí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan dúró sí àti àgádágodo tó ń dúró dè. Bí gbogbo fọ́nrán bá ń ti àgádágodo pa ní ìtẹ̀léra kan náà, A kí ó tó kan B nígbà gbogbo, kò ní ṣẹlẹ̀.

Ibi tó ṣòro jù lọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti gbà gbọ́ ni èyí tó kàn. Ká ní àyè méjì wà nínú ìrántí, A àti B, òdo ló wà nínú àwọn méjèèjì. Fọ́nrán kìíní kọ 1 sínú A, lẹ́yìn náà ó ka B. Fọ́nrán kejì kọ 1 sínú B, lẹ́yìn náà ó ka A. Ṣé ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì ka òdo? Ẹni tó bá fi ọgbọ́n orí rò ó á ní rárá, ó di dandan kí ọ̀kan kọ́kọ́ kọ tirẹ̀. Lórí chip Intel tó wà nínú kọ̀ǹpútà àgbélétan lásán, ó ṣeé ṣe, ó sì ń ṣẹlẹ̀. Ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ní àyè kékeré kan tó ń kó ohun tó fẹ́ kọ sí kó tó dé ìrántí tí gbogbo wọn jọ ń wò. Ó lè ti ka nǹkan mìíràn kí ohun tó kọ tó hàn sí ẹlòmíràn. Chip ARM, irú èyí tó wà nínú fóònù, tún ń gba ìyípadà ìtẹ̀léra tó ju ti Intel lọ. Prógíráàmù tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọdún mẹ́wàá lórí Intel lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi iṣẹ́ bí wọ́n bá gbé e lọ sórí ARM láìyí lẹ́tà kan padà nínú kóòdù rẹ̀, nítorí pé àṣìṣe náà ti wà nínú rẹ̀ látìgbà yẹn, chip ló ń bò ó.

Leslie Lamport, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti rí ọ̀rọ̀ yìí kó tó kan ará ilé. Lọ́dún 1978, ó fi hàn pé nígbà tí ẹni púpọ̀ bá jọ ń ṣiṣẹ́, kò sí aago kan tó lè sọ èyí tó ṣáájú nínú gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀. Ohun tó dájú ni èyí tó lè ti ran èkejì. Lọ́dún 1979, ó ṣàlàyé ohun tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣe kí èèyàn tó lè sọ pé ìtẹ̀léra inú rẹ̀ bá ti inú kóòdù mu. Chip tó ń pa ìlérí yẹn mọ́ ní gbogbo ìgbà á lọ́ra, nítorí náà ọ̀pọ̀ chip kò pa á mọ́ àyàfi bí ẹni tó kọ prógíráàmù bá dìídì bèèrè. Èdè Java pàápàá ní láti tún òfin rẹ̀ lórí ìrántí kọ lọ́dún 2004, nítorí pé ọgbọ́n kan tí ọ̀pọ̀ ìwé ń kọ́ni láti fi yẹra fún àgádágodo kò ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin àtijọ́.

Ìròyìn ayọ̀ wà o. Lọ́dún 2008, Shan Lu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois tú àṣìṣe 105 wò nínú prógíráàmù mẹ́rin tí gbogbo ayé ń lò: MySQL, Apache, Mozilla àti OpenOffice. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n jẹ́ deadlock, àwọn tó kù jẹ́ oríṣi mìíràn. Nínú gbogbo wọn, ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé fọ́nrán méjì péré ti tó láti mú wọn jáde, bí wọ́n bá ti lè tò wọ́n bó ṣe yẹ. Ìdá 92 kò nílò ju ìgbà mẹ́rin tí ọwọ́ kan ìrántí lọ. Prógíráàmù lè ní ọgọ́rùn-ún fọ́nrán àti mílíọ̀nù ìlà, ẹni tó ń wá àṣìṣe rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjì.

Irinṣẹ́ wà tó ń bá èèyàn wá irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. CHESS, tí Madan Musuvathi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Microsoft Research, gba àṣẹ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, òun ló ń yan fọ́nrán tó máa lọ àti èyí tó máa dúró, ó sì ń tò wọ́n ní oríṣiríṣi ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í retí pé kí oríire mú àṣìṣe wá. Eraser ti ọdún 1997 ń bèèrè ìbéèrè mìíràn: àgádágodo wo ló ń ṣọ́ àyè ìrántí yìí? Bí fọ́nrán méjì bá ti ń lò ó tí kò sì sí àgádágodo kan tí àwọn méjèèjì ń tì, yóò figbe ta, kódà bí kò bá sí ohun tó tíì bàjẹ́ lọ́jọ́ náà.

ThreadSanitizer tí Google ṣe ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí. Ó ń lo èrò Lamport: ó ń ṣọ́ gbogbo ìgbà tí fọ́nrán bá kan ìrántí, ó sì ń wò bóyá ohun kan wà tó fi dandan lé e pé ọ̀kan ṣáájú èkejì. Bí kò bá sí, á tọ́ka sí ìlà méjèèjì, á sọ bí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ṣe débẹ̀. Owó tó ń gbà pọ̀: prógíráàmù á lọ́ra ní ìlọ́po 5 sí 15, á sì jẹ ìrántí ní ìlọ́po 5 sí 10. Ibi tí prógíráàmù kò bá sì gbà lọ́jọ́ ìdánwò, kò lè rí i. Síbẹ̀, kò sí ìdí tó dára tí ẹgbẹ́ tó ń kọ C++ tàbí Go kò fi ní máa lò ó lóru, nígbà tí kọ̀ǹpútà kò ní iṣẹ́ mìíràn. Láti ọdún 2013 ló ti wà nínú Go. Kí wọ́n kọ -race mọ́ àṣẹ ni gbogbo ohun tó ń bèèrè.

Mozilla ṣe rr, tó ń ká gbogbo ìrìn prógíráàmù sílẹ̀ kí wọ́n lè tún un wò bí fídíò, síwájú àti sẹ́yìn, iye ìgbà tó bá wù wọ́n, ìtẹ̀léra kan náà gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ti mú àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan nínú rr kò tún ní máa wá a kiri mọ́. Ṣùgbọ́n orí ọpọlọ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ náà sí, nítorí náà àwọn àṣìṣe tó wá láti inú àyè ìkósí chip kì í jáde lábẹ́ rẹ̀. Èdè Rust, tó jáde ní pípé lọ́dún 2015, gba ọ̀nà mìíràn: kò ní jẹ́ kí prógíráàmù tí fọ́nrán méjì ti lè kọ nǹkan sí ibì kan náà láìsí àgádágodo tàbí irú ààbò mìíràn di ohun tó ń ṣiṣẹ́, àyàfi bí ẹni tó kọ ọ́ bá dìídì yẹra fún òfin rẹ̀. Deadlock kò sí nínú ohun tó ń dènà.

Nígbà mìíràn, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni rere. Lọ́dún 2016, Phil Oester, tó ń bójú tó àwọn sáfà kan, rí i pé àwọn ọ̀daràn ti wọ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n lo eré-ìje kan tó ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, lábẹ́ ojú gbogbo ayé, nínú Linux, sọ́fítíwíà tó ń darí sáfà náà: fọ́nrán kan ń ní kí Linux ju ojú ìwé kan nù nínú ìrántí, èkejì ń kọ nǹkan sí ojú ìwé kan náà, wọ́n ń sáré bẹ́ẹ̀ láìdúró títí Linux fi ṣi ọwọ́ tó sì kọ ọ́ sínú fáìlì tí kò sẹ́ni tó fún wọn láṣẹ láti fọwọ́ kàn. Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti gbìyànjú láti tún un ṣe ní ọdún mọ́kànlá ṣáájú ìgbà náà, àtúnṣe náà kò sì dúró. Dirty COW ni wọ́n sọ ọ́, ó sì kan fóònù Android pẹ̀lú. Oester lè mú un nítorí pé ó ti pẹ́ tó ti ń ká ohun tó ń wọlé sáfà rẹ̀ láti íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ó padà sínú àkọsílẹ̀ yẹn, ó fa irinṣẹ́ àwọn ọ̀daràn náà yọ ní odidi, ó gbé e lọ dán wò níbi tí kò ti lè ṣe ìpalára, ó sì fi tó àwọn olùtọ́jú Linux létí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, àtúnṣe jáde.